MetaTrader 5 lórí Linux àti Mac: ọ̀nà wo ló yẹ ẹni tó ń lo róbọ́ọ̀tì?

Olóko Ṣáàtì kọ:

Ẹ kú ọjà o, gbogbo ẹ̀yin èèyàn wa. Kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ṣòwò forex jẹ́ ThinkPad tòkunbọ̀ tí Intel inú rẹ̀ ti dàgbà ju ohun tí Windows 11 ń gbà lọ. Nígbà tí Microsoft fòpin sí àtìlẹ́yìn Windows 10 ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ọkàn mi kò gbà á mọ́ pé kí n máa tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà àkáǹtì mi sórí rẹ̀, mo sì fi Linux Mint rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ń sáré dáadáa báyìí, ṣùgbọ́n MetaTrader 5 (MT5), áàpù tí mo fi ń wo ṣáàtì tí mo sì fi ń ṣòwò, tí gbogbo iṣẹ́ mi dá lé, Windows ni wọ́n ṣe é fún.

Róbọ́ọ̀tì kan, ìyẹn ètò tó ń ṣí òwò tó sì ń tì í fúnra rẹ̀ nínú MetaTrader, ló ń bá mi ṣòwò góòlù, kì í sì í ṣiṣẹ́ láìsí faìlì DLL kan (kóòdù Windows tí ètò mìíràn ń yá lò) tí wọ́n fún mi pẹ̀lú rẹ̀. Mo tún ní àwọn indicator, ìyẹn irinṣẹ́ tó ń ya àmì sórí ṣáàtì, tí mo fowó rà. Àbúrò mi tí òun náà ń kọ́ iṣẹ́ yìí ń lo MacBook M1, mo sì fẹ́ kí ohun tí a ń lò jọra kí n lè máa ràn án lọ́wọ́. Ṣé Wine, tó ń mú áàpù Windows ṣiṣẹ́ níbi tí kò sí Windows, ni kí a lò, àbí kí a gbé odindi Windows sínú ẹ̀rọ tí a ní, àbí kí a kúkú háyà VPS, ìyẹn kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn tí a ń lò láti orí ayélujára? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé pé iná kì í dúró ní àdúgbò wa níbí ní Ìbàdàn, íńfátà tí mo ní kò sì lè gbé kọ̀ǹpútà láti alẹ́ mọ́jú.

Àgbà Linux kọ:

Wine ni kí ẹ kọ́kọ́ dán wò, nítorí pé kò ní ná yín ní kọ́bọ̀. Ọdún 1993 ni wọ́n ti ń ṣe é bọ̀. Kì í ṣe Windows, kì í sì í ṣe kọ̀ǹpútà tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí áàpù bá béèrè nǹkan lọ́wọ́ Windows, Wine ni yóò dá a lóhùn, yóò sì gbé iṣẹ́ náà fún Linux ṣe. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í jẹ RAM púpọ̀.

MetaQuotes tó ni MetaTrader pàápàá fi faìlì kan sórí ìkànnì wọn fún àwa tí a ń lo Linux. Bí ẹ bá ti ṣí i nínú Terminal, yóò fi Wine sórí ẹ̀rọ yín, yóò sì fi MetaTrader 5 tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá fẹ́ fi ọwọ́ ara yín ṣe é, ọ̀dọ̀ WineHQ ni kí ẹ ti gba Wine, ẹ má gba èyí tó wà nínú ibi ìkó-áàpù-sí Mint, torí pé ó sábà máa ń rẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àṣejù o. MetaTrader máa ń ṣe ìmúdójúìwọ̀n ara rẹ̀ láì bi ẹnikẹ́ni, bí Wine yín bá sì ti gbó, ẹ lè jí lọ́jọ́ kan kí ó kọ̀ láti ṣí, kí ó máa kọ ọ́ sójú kọ̀ǹpútà pé “A debugger has been found running in your system”, ìyẹn pé òun rí debugger, ètò tí a fi ń tú inú áàpù wò, lórí ẹ̀rọ yín. Kò sí debugger kankan níbẹ̀. Èsì tí Wine fún un ni kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Wine tuntun ló sábà máa ń yanjú rẹ̀.

Bí ó bá ti wọlé, ẹ ṣí winecfg, ibi tí a ti ń ṣètò Wine, kí ẹ sì rí i dájú pé Windows 10 tàbí Windows 11 ni wọ́n mú níbẹ̀. Fódà tí faìlì MetaQuotes yẹn máa ń kó ohun gbogbo sí ni .mt5, inú fódà ilé yín ló wà, ṣùgbọ́n ó fara pamọ́ nítorí àmì tó ṣáájú orúkọ rẹ̀. Ẹ tẹ Ctrl àti H pọ̀ kó lè yọjú. Àmọ́ kí ẹ má baà máa wá fódà kiri, ẹ lọ sí File nínú MetaTrader fúnra rẹ̀, kí ẹ mú Open Data Folder. Ẹ ó rí MQL5 níbẹ̀: róbọ́ọ̀tì lọ sínú Experts, indicator lọ sínú Indicators, DLL lọ sínú Libraries.

Ará Peckham kọ:

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti Linux, ẹ jẹ́ kí n sọ ti Mac, torí òun ni mò ń lò níbí ní Lọ́ńdọ̀nù.

Àbúrò yín kò nílò láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ to Wine rárá. MetaQuotes ní faìlì dmg fún macOS tí Wine ti wà nínú rẹ̀. Bí ó bá ti fà á sínú Applications tí ó sì ṣí i, ó parí nìyẹn. Bí ó bá fẹ́ dé ibi tí faìlì rẹ̀ wà, kí ó di Option mú nínú Finder kí ó tó tẹ Go, Library yóò yọjú, yóò wá wọ Application Support, níbi tí fódà tó ń jẹ́ net.metaquotes.wine.metatrader5 wà.

Kí ó má tilẹ̀ fi MT4, ìyẹn MetaTrader 4 àtijọ́, da ara rẹ̀ láàmú. MT4 jẹ́ áàpù 32-bit, Apple sì ti ti ilẹ̀kùn mọ́ irú áàpù bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2019 tí macOS Catalina ti jáde. Àwọn kan ṣì ń fi CrossOver, irú Wine kan tí a ń sanwó fún, lò ó, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kò ní ohun tí yóò fi ìyẹn ṣe.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni Rosetta 2. Ẹ̀rọ Intel ni wọ́n ṣe MetaTrader fún, M1 kì í sì í ṣe Intel. Rosetta ló ń túmọ̀ rẹ̀ fún un. Apple sì ti kéde ní ọdún 2025 pé macOS 27 ni Rosetta yóò wà nínú rẹ̀ ní kíkún mọ, pé lẹ́yìn ìyẹn, ìwọ̀nba tí àwọn géèmù àtijọ́ kan nílò ni wọn yóò fi sílẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lónìí, mo ń lò ó, ṣùgbọ́n n kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kí ó fi ọdún márùn-ún iwájú rẹ̀ lé e lórí.

Ìyálọ́jà Pip kọ:

Ẹ̀yin ọmọ mi, gbogbo àlàyé yìí dára, ṣùgbọ́n ẹni tó béèrè ti sọ pé iná kì í dúró lọ́dọ̀ òun. Wine kò lè tan iná. Bí kọ̀ǹpútà bá kú lóru, róbọ́ọ̀tì ti kú nìyẹn, stop loss, ìyẹn ibi tí a ní kí òwò ti dúró kí àdánù má baà pọ̀, ti bá a lọ, góòlù yóò sì ṣe àkáǹtì bó ṣe wù ú. VPS ni kí ó gbà. Windows ti wà lórí rẹ̀, ibi tí iná kì í ti í lọ ló wà, kò sì kan VPS bóyá Mint ni o fi wọlé sí i ni tàbí Mac tàbí fóònù ọwọ́ rẹ. Áàpù Remmina ni yóò fi wọlé lórí Mint. Lórí Mac, áàpù Microsoft tí wọ́n ń pè ní Windows App báyìí ni àbúrò rẹ̀ yóò lò. Mo ti pẹ́ nínú iṣẹ́ yìí, n kò sì mọ ohun tí a tún ń jà lé lórí.

Àgbà Linux kọ:

Màmá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, stop loss kì í bá kọ̀ǹpútà kú. Bí a bá ti fi stop loss àti take profit (ibi tí a ní kí òwò ti kó èrè) sí òwò kan, ọ̀dọ̀ sẹ́fà bróókà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tó ń bá wa gbé òwò lọ sọ́jà, ni méjèèjì ń gbé, kọ̀ǹpútà ìbáà kú, íntánẹ́ẹ̀tì ìbáà lọ, bróókà yóò ti òwò náà nígbà tí ọjà bá dé ibẹ̀. Trailing stop, stop tó ń tẹ̀ lé ọjà bí èrè bá ṣe ń pọ̀, ni kò rí bẹ́ẹ̀. MetaTrader tó wà lórí kọ̀ǹpútà yín ló ń sún un, bí kọ̀ǹpútà bá sì ti kú, ibi tó bá stop ni yóò fi í sí. Bákan náà ni ti àwọn róbọ́ọ̀tì tí kì í fi stop wọn han bróókà, tó jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ló ń ti òwò.

Mo sì fẹ́ kí a rántí pé dọ́là ni ọ̀pọ̀ VPS ń gbà lóṣooṣù, yálà oṣù náà dára tàbí kò dára. Ẹni tí àkáǹtì rẹ̀ ṣì kéré lè máa fi èrè san owó VPS láìmọ̀.

Ìyálọ́jà Pip kọ:

O ṣeun, ọmọ mi, mo gba ti stop loss. Ṣùgbọ́n góòlù ni ó ń ṣe, róbọ́ọ̀tì góòlù mélòó lo mọ̀ tí kì í lo trailing? Kí ó lọ wo ti tirẹ̀ kí ó tó pinnu. Bí ó bá ń lo trailing, èrè tí iná bá gbé lọ lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo lè ju owó VPS oṣù náà lọ.

Ojú Fóònù kọ:

Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí a kò kàn lo MetaTrader tó wà lórí ayélujára? Firefox nìkan ló nílò, kò sì sí ohun tí ẹ ó fi sórí ẹ̀rọ. TradingView, ìkànnì tí a ti ń wo ṣáàtì, pàápàá ní áàpù tirẹ̀ fún Linux àti fún Mac.

Akọ́kóòdù kọ:

Ojú Fóònù, fún ẹni tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí òwò, òótọ́ lẹ sọ, kò tilẹ̀ sí ìdí láti máa da ara rẹ̀ láàmú. Ṣùgbọ́n MetaTrader orí ayélujára kì í gba róbọ́ọ̀tì, kì í sì í gba indicator tí a rà. Ti orí fóònù náà kì í gbà wọ́n. TradingView ní tirẹ̀ kò lè ka faìlì ex5, ìyẹn faìlì róbọ́ọ̀tì àti indicator MT5.

DLL yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà, kò sì sí ẹni tó tíì fọwọ́ kàn án. Kí Olóko Ṣáàtì bi ẹni tó tà á fún un léèrè ohun tí DLL náà ń ṣe. Bí ó bá jẹ́ ìṣirò lásán tàbí kíkọ nǹkan sínú faìlì ni, Wine yóò gbé e láìjanpata, níwọ̀n ìgbà tí ó bá ti jẹ́ 64-bit bíi MT5 fúnra rẹ̀. Bí ó bá ń gbára lé .NET, ohun èlò Microsoft kan tí àwọn áàpù Windows ń lò, ìyẹn lè gba winetricks, tí a fi ń gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sínú Wine, àti ìfaradà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta róbọ́ọ̀tì, torí kí wọ́n lè mọ ẹni tó sanwó ni wọ́n ṣe ń fi DLL sí i: yóò ka nọ́ńbà kọ̀ǹpútà, yóò sì fi í wé èyí tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Nọ́ńbà tí Wine bá fi hàn án lè má bá ti àtijọ́ mu, róbọ́ọ̀tì yóò sì jókòó sórí ṣáàtì láìṣe nǹkan kan. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀, ẹ wo Experts nísàlẹ̀ MetaTrader, kì í ṣe Journal nìkan, torí ibẹ̀ ni róbọ́ọ̀tì ti máa ń sọ ohun tó ń ṣe é. Kí ẹ sì rí i pé ẹ ti gba DLL láàyè nínú Options, lábẹ́ Expert Advisors, orúkọ tí MetaTrader ń pe róbọ́ọ̀tì.

Èyí tún kan ọ̀rọ̀ Màmá. VPS oríṣi méjì ló wà. Èyí tí wọ́n ń tà láti inú MetaTrader fúnra rẹ̀ rọrùn, ṣùgbọ́n kì í gba DLL rárá. Nítorí náà, bí VPS bá ni Olóko Ṣáàtì máa gbà, odindi Windows Server ni kó jẹ́.

Ẹni tó bá sì ń fi Python bá MetaTrader sọ̀rọ̀ kí ó gbọ́ èyí pẹ̀lú: Windows nìkan ni wọ́n ṣe àpò MetaTrader5 ti Python fún. Lórí Linux, pip tí a fi ń gba àpò Python kò ní rí i. Python ti Windows ni ẹ gbọ́dọ̀ fi sínú Wine kan náà tí MetaTrader wà.

Ohun kan tó kù ni ààbò. Àwọn èèyàn rò pé kòkòrò Windows kò lè ṣe Linux ní nǹkan kan. Wine máa ń fi gbogbo fódà inú kọ̀ǹpútà han áàpù Windows lábẹ́ orúkọ Z:, nítorí náà róbọ́ọ̀tì ọ̀fẹ́ tí ẹ gbà lórí Telegram, tó ní DLL tí ẹ kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, lè ka gbogbo ìwé tó wà nínú fódà ilé yín. Ẹ ṣí winecfg, ẹ lọ sí Drives, ẹ yọ Z: kúrò. Kò sọ Wine di odi, àmọ́ ó sàn ju kí ilẹ̀kùn ṣí gbayawu.

Ọmọ Ìjẹ̀bú kọ:

Kò sí ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ gbígbé Windows sínú ẹ̀rọ tí a ní. Lórí ThinkPad, VirtualBox ni kí ẹ lò, ọ̀fẹ́ ni. Windows inú rẹ̀ jẹ́ Windows gidi, DLL kò ní mọ ìyàtọ̀ púpọ̀, Wine kò sì ní fọ́ mọ́ yín lọ́wọ́ nígbà tí MetaTrader bá ṣe ìmúdójúìwọ̀n. Ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí pé Intel yín ti dàgbà ju ohun tí Microsoft fọwọ́ sí lọ, Windows 11 ń béèrè ó kéré tán 4 GB RAM àti 64 GB ààyè fún ara rẹ̀ nìkan, Linux tó gbé e náà á sì jẹ tirẹ̀. Lórí ẹ̀rọ tó ní 8 GB, yóò ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ ó máa gbọ́ ìró fáànù, bátìrì á sì tètè tán, èyí tí kò bá ọ̀rọ̀ iná yín mu.

Ti Mac yàtọ̀. Boot Camp, ọ̀nà tí Apple fi ń gbé Windows sórí Mac ti Intel, kò sí lórí M1, VirtualBox kò sì lè gbé Windows ti Intel lórí rẹ̀. Windows 11 ti ARM, irú ẹ̀rọ tí M1 jẹ́, ni àbúrò yín lè lò, nínú Parallels tí a ń sanwó fún, tàbí VMware Fusion tó ti di ọ̀fẹ́ fún gbogbo èèyàn láti ọdún 2024, tàbí UTM. Windows ti ARM yìí ní ọ̀nà tirẹ̀ láti túmọ̀ áàpù Intel, kò sì dúró de Rosetta. Ẹni tí ọ̀rọ̀ Ará Peckham bá kó láyà jẹ, ibẹ̀ ni kí ó sá sí.

Ará Peckham kọ:

Àfikún tó dára nìyẹn. N kò kàn fẹ́ kí ó sanwó Parallels kí ó tó mọ̀ bóyá òwò yìí bá òun lára mu. Kí ó lo dmg yẹn pẹ̀lú àkáǹtì demo, tí owó inú rẹ̀ kì í ṣe owó gidi, ná.

Lórí VPS, kí ẹ tó sanwó, ẹ bi bróókà yín níbi tí sẹ́fà òwò wọn wà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló wà ní NY4, ilé ńlá tí Equinix ń kó sẹ́fà sí ní Secaucus ní New Jersey, tàbí ní LD4 ní Slough, ìtòsí Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ háyà VPS níbi tó sún mọ́ sẹ́fà náà, kì í ṣe níbi tó sún mọ́ Ìbàdàn. Igun ọ̀tún nísàlẹ̀ MetaTrader ni ẹ ó ti rí iye milisẹ́kọ́ǹdì tó ń gbà láti dé ọ̀dọ̀ bróókà; ẹ fi ti ilé wé ti VPS, ojú yín á là.

Olóko Ṣáàtì kọ:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ kò ní rẹ̀yìn. Mo ti fi Wine láti ọ̀dọ̀ WineHQ sórí Mint, MetaTrader 5 ṣí, àkáǹtì wọlé, àwọn indicator sì ń yà bó ṣe yẹ. Ọ̀rọ̀ Akọ́kóòdù ló ṣẹ lórí róbọ́ọ̀tì: nínú Experts, ó kọ ọ́ pé ìwé àṣẹ òun kò bá kọ̀ǹpútà yìí mu. Mo kọ̀wé sí ẹni tó tà á, ó ní DLL náà ń ka nọ́ńbà ẹ̀rọ lóòótọ́, pé òun yóò yí i padà sí orúkọ VPS tí mo bá háyà, pé òun kò ní fọwọ́ sí Wine. Mo wo inú àwọn ètò róbọ́ọ̀tì náà pẹ̀lú, trailing wà níbẹ̀. Nítorí náà, Màmá ló jàre lórí èyí: róbọ́ọ̀tì yóò lọ sórí VPS ní Slough, torí ibẹ̀ ni bróókà mi wà, n ó sì máa fi MetaTrader orí Mint wo ṣáàtì nìkan. Àbúrò mi yóò lo dmg àti demo.

Ohun tó ń dà mí láàmú báyìí ni pé lẹ́tà inú MetaTrader kéré débi pé mo ní láti fẹjú kí n tó lè ka iye owó. Ọ̀rọ̀ kan tún ṣófo, àpótí kéékèèké ló wà níbi tó yẹ kí lẹ́tà wà.

Àgbà Linux kọ:

Winecfg náà ni. Lábẹ́ Graphics, ẹ ó rí nọ́ńbà 96 níbi dpi. Ẹ gbé e sí 120, kí ẹ ti MetaTrader, kí ẹ tún un ṣí. Bí kò bá tíì tó, ẹ gbé e sí 144. Àwọn àpótí yẹn, fọ́ǹtì ló sọnù: ẹ fi winetricks gbé corefonts wọlé. Ẹ rí i pé fódà .mt5 ni ẹ ń bá sọ̀rọ̀ nínú iṣẹ́ méjèèjì, nípa fífi WINEPREFIX=~/.mt5 ṣáájú àṣẹ tí ẹ bá tẹ̀, àìṣe bẹ́ẹ̀, fódà .wine tí kò sí MetaTrader nínú rẹ̀ ni ẹ ó máa tún ṣe.

Akọ́kóòdù kọ:

Kí ẹ tó tan róbọ́ọ̀tì lórí VPS, ẹ rí i pé bọ́tìnì Algo Trading, tó ń gba róbọ́ọ̀tì láàyè láti ṣòwò, ti wà ní pípa lórí ti Mint, kí ẹ sì yọ róbọ́ọ̀tì náà kúrò lórí ṣáàtì ibẹ̀ pátápátá. Ọ̀pọ̀ róbọ́ọ̀tì kì í mọ̀ pé ẹlòmíràn ń ṣiṣẹ́ lórí àkáǹtì kan náà. Bí méjèèjì bá rí àmì kan náà ní ìṣẹ́jú kan náà, òwò méjì ni wọn yóò ṣí, ewu yín á sì di ìlọ́po méjì láìjẹ́ pé ẹ yí ohunkóhun padà.

Ìyálọ́jà Pip kọ:

Ọmọ mi, bí o bá ti parí iṣẹ́ lórí VPS, fèrèsé Remmina nìkan ni kí o tì. Má ṣe tẹ Sign out nínú Windows ibẹ̀ láéláé, nítorí pé gbogbo ohun tó ṣí ni yóò pa, MetaTrader pẹ̀lú róbọ́ọ̀tì. Kí o sì fi MetaTrader sínú Startup, kí o ṣètò Windows náà láti máa wọlé fúnra rẹ̀, torí àwọn tó ni VPS máa ń tún ẹ̀rọ wọn tàn nígbà mìíràn, ó sì sábà máa ń jẹ́ òpin ọ̀sẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, kí ọjà tó ṣí, fi fóònù wọlé kí o wò ó bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́.